Ó Fi Bíró Gba Oko Lọ́wọ́ Ìyàwó Rẹ̀ Tó Ti Kú

Kò sí ilé tí kò ní in. Bí ẹ bá wo abẹ́ Bíbélì tàbí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, ẹ óò rí ìwé ètò ìsìnkú ẹnìkan níbẹ̀. Àwòrán olóògbé á wà lẹ́yìn rẹ̀, orin mẹ́ta mẹ́rin á wà nínú rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé tí ẹnìkan fara balẹ̀ kọ á sì tẹ̀ lé e. À ń kà á lọ́jọ́ ìsìnkú, a fi í fẹ́ ooru, a ká a sápò, ó parí.

Ti Augustine Ọlọ́runníyì kò parí bọ̀rọ̀.

Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n tẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn inú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré nínú ìtàn ọ̀hún ló gba oko lọ́wọ́ òkú, ló lé ọmọ jìnnà sí bàbá rẹ̀, ló sì sọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ di ẹni tí àwọn ọmọ ìlú ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Òun ló ní ká sọ ọ́ káyé gbọ́. A ní ká fi orúkọ mìíràn bo tirẹ̀, ó kọ̀. "Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀," ó wí. "Nígbà tí mò ń parọ́, ṣebí mo kọ orúkọ mi sí i."

*

Ní Ìdànrè, Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pe Augustine. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ kan tí wọ́n máa ń yọ jáde bí ẹmu bá ti wọ̀ wọ́n lára. "Ọmọ iléèwé Tinúkẹ́" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ọ̀fun.

Òtítọ́ wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà. Ní ọdún 1957 tí Augustine rí àyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, Joanna ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, kò sì sí ẹni tí yóò san owó. Ìyá rẹ̀ ló pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sí Atosin, sórí ilẹ̀ tí ìyá náà jogún lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Ó gé apá kan níbẹ̀.

"Tinúkẹ́, tìrẹ nìyí," ìyá àgbà wí. "Mi ò fún ọkọ rẹ o. Ìwọ ni mo fún. Ohun tó o bá gbìn síbẹ̀, tìrẹ ni, ti ọmọ rẹ sì ni lẹ́yìn rẹ."

Wọ́n ri ọ̀pá pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí a ti ń pààlà. Augustine ló mú ọ̀pá dání. Babárìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbẹ́ ihò. Nígbà tí wọ́n dé igun kẹrin, Babárìndé nu òógùn, ó ní, "Ìyàwó wa, bó o bá jèrè kòkó tán, má gbàgbé ẹni tó gbẹ́ ihò o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Aládé ni wọ́n ti bí Tinúkẹ́. Láti oko bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ru ọmọ kòkó lórí dé Atosin, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, pẹ̀lú Joanna lẹ́yìn. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ṣíji bò wọ́n. Lọ́gbẹlẹ̀, ó ń pọnmi láti odò ó ń bu ún sí wọn nídìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fún ọmọ ní ọmú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ rán ọkọ rẹ̀ níwèé. Nígbà tí kòkó so, kòkó parí rẹ̀.

Ogún ọdún ó lé ni Tinúkẹ́ fi tọ́jú oko yẹn. Kò fi yangàn rí. Bí wọ́n bá pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ yẹn lójú rẹ̀, á ní, "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o jàre. Ẹni tó lórí ìwé là ń rán níwèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò rí ẹni rán yín ńkọ́?"

Ó kú lóṣù kẹfà ọdún 1979. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ Ajé ló ní orí ń fọ́ òun, nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ ti di opó ọkùnrin.

*

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, Augustine jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àjákọ. Ó ti kọ ojú ìwé mẹ́ta. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òun. Babárìndé wọlé wá kí i, ó jókòó, ó sì fa ìwé náà sọ́dọ̀. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ka Yorùbá bó bá fi ìka tọ ọ́.

Ìka rẹ̀ dúró síbì kan. Ohun tí Augustine kọ síbẹ̀ ni pé: *Ní ọdún 1957, ó gbin oko kòkó tirẹ̀ sí Atosin. Oko yìí ló fi rán ọkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́.*

"Ṣé o fẹ́ tẹ èyí jáde?" Babárìndé bi í.

"Kí ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi? Òótọ́ ni."

"Òótọ́ ni. Ta ló ní kì í ṣe òótọ́? Gbogbo òótọ́ kọ́ là ń tẹ̀. Àwọn ọ̀gá yín láti Àkúrẹ́ á wá, Fadá á wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó o kọ́ níwèé á pé jọ. Ṣé iwájú gbogbo wọn lo fẹ́ kí wọ́n ti kà á pé obìnrin ló rán ọ níwèé? Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹmu, ìwọ wá fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Augustine gbé bíró sílẹ̀. Ibi tó ń dùn ún gan-an ni ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bà.

Babárìndé rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, àbúrò mi. Oko tó bá jẹ́ ti obìnrin, ọkọ kì í jogún rẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ mélòó ni Tinúkẹ́ bí fún ọ?"

"Ọ̀kan."

"Ilé ta ló wà?"

"Ilé Olúwagbénga, ní Àkúrẹ́."

"Ọdún tó ń bọ̀ lo ó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà, ìwọ lo mọ bó ṣe ń rìn. Ṣé ọwọ́ àna rẹ lo ó ti máa tọrọ kòkó tó o fi ń ra iyọ̀? Á gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ kan, á ní, 'Ẹ káàbọ̀ sí oko ìyàwó mi, Bàbá.'"

Olúwagbénga kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Augustine mọ̀ dájú. Akọ̀wé ìjọba tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti bá èèyàn, kì í dúró bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun ń bẹ̀rù wà tàbí kò sí.

"Kí wá ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé oko ìdílé ni. Ta ni ìdílé? Ṣebí èmi àti ìwọ náà ni. Èmi tí mo ti darúgbó yìí, kí ni mo fẹ́ fi oko ṣe? Ọwọ́ rẹ náà ló máa wà."

Bíró ni Augustine fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́. Ó ya ojú ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó kọ ìlà mẹ́ta wọ̀nyí:

*Ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rere fún ọkọ rẹ̀. Ó bá a ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn nínú oko kòkó ìdílé Ọlọ́runníyì tó wà ní Atosin. Kò fi ìgbà kan ráhùn.*

Babárìndé fi ìka tọ ọ́ dé òpin. "Ó dùn létí," ó wí. "Gbé e wá. Mò ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ́la, màá bá ọ gbé e fún atẹ̀wé."

Augustine dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ sìn ín dé ìta.

*

Joanna ló ní òun fẹ́ ka ìtàn ìyá òun ní òpin Máàsì ìsìnkú náà. Nọ́ọ̀sì ni, ojú rẹ̀ gbóná, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Ibi ìkàwé ló ti kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, nítorí àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Babárìndé kó wọn dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ó kà á dáadáa. Ó ka bí wọ́n ṣe bí ìyá rẹ̀ ní Aládé, bí wọ́n ṣe ṣe ìrìbọmi fún un, bó ṣe ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ṣí ojú ìwé karùn-ún. Ó dákẹ́.

Ìjọ rò pé ẹkún ló gbé e. Obìnrin kan ké látẹ̀yìn, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jẹ́ kó jáde."

Ẹkún kọ́. Joanna gbé ojú sókè, ó wo bàbá rẹ̀ níjòókòó iwájú. Bàbá rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó wò ó títí, kò gbójú sókè. Joanna tún dojú kọ ìwé, ó ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka lẹ́tà onílẹ́tà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi isà òkú dé, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, ta ló kọ ojú ìwé karùn-ún?"

"Èmi ni."

"Oko ta ló wà ní Atosin?"

"Joanna, àlejò wà níta."

"Mo mọ̀ pé àlejò wà níta. Oko ta ni?"

"Oko gbogbo wa ni. Kí ló dé tó ò ń bi mí bí ọlọ́pàá?"

Joanna ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sínú báàgì. "Ó dáa tí Màmá ò gbọ́ ọ," ó wí. "Ìyẹn nìkan ló dáa níbẹ̀."

Òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò tún gbé ẹsẹ̀ dé ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

*

Oṣù kẹwàá pé, kòkó pọ́n. Augustine wọ bàtà oko, ó lọ sí Atosin. Kó tó dé, ó ti ń gbọ́ àdá. Lébìrà mẹ́ta jókòó yí òkìtì kòkó ká, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń da hóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ní kí ẹ ká a?"

Àgbà inú wọn dìde. "Bàbá Babárìndé ni, sà. Oko ẹbí wọn ni. Wọ́n ti fi lé wa lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún."

"Ṣé wọ́n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún yín?"

Ọkùnrin náà yí fìlà lórí, ojú ń tì í. "Wọ́n ní àbúrò àwọn kan tó jẹ́ tíṣà lè yà wá. Wọ́n ní bó bá wá, ká gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un."

Augustine yí ká oko náà. Kò sí pèrègún kan tó ṣì dúró ní igun oko náà mọ́.

Kò yà sílé kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Babárìndé wà níwájú ilé, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo rí lóko?"

"Oko wo?"

"Oko Tinúkẹ́."

Babárìndé jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Tinúkẹ́ ní oko? Níbo lo ti kà á?"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Augustine dúró níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ń fi ìka tọ ìwé lọ́jọ́ kìíní àná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú òun ló ń wá. Oko ló ń wá. Òun fúnra òun ló sì kọ ọ́ fún un, tó tẹ̀ ẹ́, tó pín in fún ọ̀ọ́dúnrún ẹlẹ́rìí.

*

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Olóyè Olútìmẹ́hìn, àgbà àdúgbò wọn. Ọkùnrin arúgbó yìí kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé ohunkóhun. Àwọn àgbà mẹ́rin mìíràn jókòó tì í.

Babárìndé kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn mú ìwé ìsìnkú jáde látinú àpò agbádá rẹ̀, ó ní kí wọ́n ka ojú ìwé karùn-ún. Wọ́n kà á. Àwòrán Tinúkẹ́ tó wà lẹ́yìn ìwé náà dojú kọ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kà á.

"Tíṣà," Olóyè wí, "èwo ni ká gbà, ẹnu rẹ tàbí ọwọ́ rẹ?"

Àyè wà fún un níbẹ̀ láti sọ òtítọ́. Ìdajì ìṣẹ́jú ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àwọn àgbà, ó rí i pé bí òun bá jẹ́wọ́, òun yóò di ẹni tó parọ́ mọ́ òkú aya rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí... ẹ má bínú, Olóyè. Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyẹn. Àwọn atẹ̀wé ló yí i padà."

Babárìndé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tún ti ọwọ́ bọ àpò kejì, ó sì yọ ìwé àjákọ kan tó ká róbótó jáde. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Olóyè.

Ìwé àjákọ Augustine ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó tò bíi ti ìwé ẹ̀kọ́, tí gbogbo ọmọ Ìdànrè tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ̀, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí. Òun ló mú un sókè, tó wò ó, tó sì rọra gbé e sílẹ̀.

"Tíṣà wa ló kọ ọ́," ó wí. "Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ *gb* báyìí."

Ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ yẹn. Kó tó dé ilé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń kọjá lọ sí iléèwé, ẹnìkan kígbe láti inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, "Àṣìṣe Ìtẹ̀wé, ẹ káàárọ̀ o!"

Orúkọ "Ọmọ iléèwé Tinúkẹ́" ti kú. Ó wá di ohun tí ì bá fún un láyọ̀ bí ó bá padà.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó rí ẹsẹ̀ gbé lọ sí Àkúrẹ́. Olúwagbénga ló ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi tútù fún un.

"Bàbá, mo gbọ́ pé wàhálà oko wà," ó wí. "Mi ò mọ ọ̀nà Atosin rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bèèrè rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá nílò ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín, mo wà ńlẹ̀."

Ọkùnrin tó bẹ̀rù, tó tìtorí rẹ̀ parọ́, nìyí. Augustine gbé ife omi náà dání, kò lè mu ún.

Joanna ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó dìde, ó jókòó jìnnà.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," Augustine wí. "Mo ti sọ oko rẹ nù."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká má pè é ní oko. Oko ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, orí yín pé, ẹ mú bíró, ẹ ronú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nípa ìyá mi, ẹ wá kọ ìyẹn. Ẹ sì gbé e fún mi kí n kà á."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ padà lọ bá àwọn àgbà. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi oko fún Bàbá Babárìndé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ó padà. Kò wọ agbádá lọ. Ó dojú bolẹ̀ níwájú àwọn àgbà márùn-ún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ìyá àgbà, pèrègún mẹ́rin, ojú ìwé tó ya, ìbẹ̀rù, ìgbéraga, àti irọ́ ìtẹ̀wé.

Olóyè Olútìmẹ́hìn ní kó dìde. "Ọwọ́ kan sọ báyìí, ẹnu kan sọ báyìí, ẹnu náà sì ti parọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè gbà ọ́ gbọ́, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í kọ̀wé."

Wọ́n lọ sí Atosin, Babárìndé náà bá wọn lọ. Ní igun kìíní, kùkùté pèrègún tí wọ́n bẹ́ ti tún rúwé, ewé tútù mẹ́ta mẹ́rin ti jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igun kejì. Bẹ́ẹ̀ ni igun kẹta. Ní igun kẹrin, kò sí kùkùté. Ihò ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

"Babárìndé," Olóyè wí, "ìhín jẹ́ ilẹ̀ ìyá yín, ọ̀hún jẹ́ ilẹ̀ ìyá yín. Ta ní í fi pèrègún pààlà sáàárín ilẹ̀ ara rẹ̀?"

"Igbó ni. Ohunkóhun lè hù nínú igbó."

"Á hù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Èyí wá ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò bẹ́ ẹ bíi tàwọn yòókù, tó jẹ́ pé ẹ fà á tu?"

Inú ti ń bí Babárìndé. Oòrùn ń pa á, àwọn lébìrà rẹ̀ sì ń wò ó. "Ẹ fi mí sílẹ̀ o! Èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé n kò lè fà á tu?"

"Lọ́jọ́ wo?" Olóyè bi í.

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀.

Àwọn àgbà fi oko fún Joanna níbẹ̀, lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n ń padà, Olóyè yíjú sí Augustine. "Ìwọ, hóró kòkó kan kò sí fún ọ níbẹ̀. Bí ọmọ rẹ bá bù fún ọ, kí o dúpẹ́."

Ohun tí Babárìndé fi dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn. Ó yà á lẹ́nu pé kò wúwo.

*

Joanna ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Kò ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ó sì yé bàbá rẹ̀. Oko ti padà, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà ní ọ̀ọ́dúnrún ilé, abẹ́ Bíbélì àti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ń sọ pé Tinúkẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oko olóko.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ikú Tinúkẹ́ ku oṣù kan, Augustine ra ìwé àjákọ tuntun. Kò yára. Lọ́jọ́ mìíràn, ìlà kan ló ń kọ. Ó tọ Fadá lọ, ó sì gba àyè láti kà á fúnra rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà, nítorí gbogbo ìlú fẹ́ gbọ́ ohun tí Àṣìṣe Ìtẹ̀wé fẹ́ kà. Àga Babárìndé ṣófo. Bí Augustine ṣe dé ibi ìkàwé, ó rí Joanna tó wọlé, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ.

Augustine ṣí ìwé àjákọ náà. "Ní ọdún tó kọjá, ìwé kan jáde níbí tó ní ìyàwó mi ṣiṣẹ́ nínú oko ìdílé mi. Èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni. Mo parọ́ náà nítorí pé ojú ń tì mí pé obìnrin ló sọ mí di èèyàn. Oko tó wà ní Atosin, Tinúkẹ́ ló ni ín. Òun ló gbìn ín. Ìgbà mẹ́rin ló ru ọmọ kòkó lórí láti Aládé, tó fi ẹsẹ̀ rìn ín..."

"Méje ni, Bàbá."

Gbogbo ìjọ yíjú sẹ́yìn. Joanna ti dìde dúró.

"Ìgbà méje ni," ó tún wí. "Màmá máa ń kà á fún mi. Wọ́n ní mo máa ń sunkún tí wọ́n bá sọ̀ mí kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè rù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo wà lẹ́yìn wọn."

Augustine wo ìwé, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó yọ bíró lápò. Níbẹ̀, lójú gbogbo ìlú, ó fa ìlà sórí mẹ́rin, ó sì kọ méje sí i lókè. Kò kánjú. Àwọn tó wà níwájú gbọ́ ìró bíró náà lórí ìwé.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó dúró títí Joanna fi fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, tó rìn bọ̀ wá síwájú, tó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Augustine tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.